Ọkùnrin Tí Ó Fi Òróró Pa Dọ́là Lára

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ta pákó ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó wọ ìlú kan. Ó mọ igi débi pé bí ó bá fi ìka gbá pákó, yóò sọ fún ọ bóyá ó ti gbẹ tàbí kò tíì gbẹ. Kò sì sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ọjà. Bí lébìrà bá sọ iye tí òun yóò gbà láti já ẹrù, yóò dín in. Bí oníbàárà bá sọ iye tí òun yóò san, yóò fi kún un. Ohùn rẹ̀ kì í rẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé ní ibi tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn tí ó ń bá a ṣòwò a máa ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí Bàbá Oyèkúnlé bá dé ọ̀run, yóò kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò.

Ohun kan ṣoṣo ni ó borí ọgbọ́n ọkùnrin yìí. Ó bẹ̀rù ayé. Ó gbà pé àwọn ènìyàn ń ṣọ́ òun, àti pé ohun rere tí wọ́n bá ti gbọ́ ni wọn yóò bà jẹ́. Nígbà tí ó ń kọ́ ilé, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá kí i pé ọ̀gá òun kan ní Èkó ni ó ni ín. Nígbà tí ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó gbé e pamọ́ sí abúlé títí eruku fi bo àwọ̀ rẹ̀, kí ó tó wà á wọ ìlú. Kò sí ẹ̀bi nínú kí ènìyàn mọ ohun tí ó yẹ kí ó pa mọ́. Àwọn àgbà ni wọ́n kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí a ń bò àti ohun tí a ń bèèrè.

Aṣọ ni ìyàwó rẹ̀ ń rán. Ní ìgbà òjò ọdún kan, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkùnkùn ní apá òkè ojú rẹ̀ ọ̀tún, bí ẹni pé wọ́n ń ta aṣọ dúdú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ní ojú òsì. Dókítà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ṣàlàyé fún wọn pé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn ẹyin ojú, pé òun ni a fi ń ríran, àti pé awọ náà ti ń ṣí kúrò ní ibi tí Ọlọ́run lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó darí wọn sí ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Íńdíà. Ilé ìwòsàn náà kọ̀wé padà, wọ́n sọ iye tí wọn yóò gbà, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe pẹ́.

Kí wọ́n tó kúrò níwájú dókítà náà, ó fi ìmọ̀ràn kan kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá ẹni tó ti lọ rí, kí ẹ bi í bí wọ́n ṣe ń rí dọ́là rà. Ibi tí ẹ bá ti rà á ni yóò sọ bóyá owó yín á tó tàbí kò ní tó."

Ẹni tí ó ti lọ rí kò jìnnà. Alájì Múdàṣírù, oníṣòwò táyà, ni ogiri kan ṣoṣo là láàárín ilé rẹ̀ àti ilé wọn. Ní ọdún tí ó ṣáájú, Alájì ti gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú kan náà ní ilẹ̀ Íńdíà nítorí orúnkún, ìyá arúgbó náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nígbà tí wọ́n dé. Oníṣòwò pákó wà lára àwọn tí ó lọ kí wọn káàbọ̀. Ó jẹ nínú ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀, ó sì gba ìyókù dání lọ sílé.

Ìyàwó rẹ̀ rán an létí. Ó ní, "Ṣé ẹ ò wá ní bi Alájì ni?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó mọ ọ̀nà ló mọ ibi tí wọ́n ti ń dí i."

"Alájì yìí? Alájì tó ń pọn omi nínú kànga wa láti ọjọ́ tí a ti dé àdúgbò?"

"Òun náà ni. Ṣé ẹni tó wà lókèèrè ló ń ṣeni ni?"

Obìnrin náà kò jiyàn. Ojú ni àrùn mú, kò mú ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílé ọkọ tó láti mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò ní í wọ etí.

Ọkùnrin náà ta ilẹ̀ kan tí ó ti rà sí ẹ̀yìn ìlú. Owó tí ó rí lórí rẹ̀ tó. Bí ó bá ra dọ́là ní iye tí ó yẹ, yóò san owó iṣẹ́ abẹ ojú méjèèjì, díẹ̀ yóò sì kù fún oúnjẹ àti ibùsùn. Ilẹ̀ mìíràn kò sí lẹ́yìn èyí.

Báńkì tí ó ń lò wà ní àárín ìlú. Ó mọ̀ pé àwọn báńkì a máa ta dọ́là fún arìnrìn-àjò tí ó bá ní ìwé ẹ̀rí, nítorí ó ti gbọ́ ọ rí lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ìyàwó alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni ó ń jókòó ní ojú fèrèsé báńkì náà. Ó rò ó pé bí òun bá gbé ìwé ilé ìwòsàn lọ síwájú obìnrin yẹn, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìjọ yóò ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nítorí òun. Kò fẹ́ àdúrà tí òun kò bẹ̀. Ó fi ìwé náà sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ní àárọ̀ tí wọ́n ń lọ, Alájì rí wọn bí wọ́n ti ń di báàgì sẹ́yìn ọkọ̀. Ó gbé àgbọ̀n lé orí ogiri, ó kí wọn. "Bàbá Oyèkúnlé, ìrìn àjò ti yá nìyẹn? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Alájì. Ìkirè la fẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n mi kan ni ara rẹ̀ ò yá."

"Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Ẹ má gbàgbé dòdò Ìkirè mi o! Ẹni tó bá lọ Ìkirè tí kò ra dòdò bọ̀, a jẹ́ pé kò débẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì gbéra. Obìnrin náà wo iwájú.

Ní Èkó, oníṣòwò pákó bá ọkùnrin kan tí ń ta dọ́là nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Ó wọ inú ọkọ̀ náà, ó ní kí wọ́n yí gíláàsì sókè, ó sì fa fìlà rẹ̀ bo iwájú orí. Ọlọ́jà dá iye lé e. Iye náà ga. Ọkùnrin tí kì í ra ìṣó láìná an la ẹnu láti sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin kan tí ó jọ ará ìlú rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó pa ẹnu dé.

Ọlọ́jà dúró. Ó wo ojú rẹ̀. "Bàbá, ẹ ò ní ná an ni?"

"Ẹ sáà kà á fún mi."

"Háà! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo lẹ ti wá? Ẹ júwe ibẹ̀ fún mi, kí n kó ọjà mi lọ."

Oníṣòwò pákó kò rẹ́rìn-ín. Owó tí ó yẹ kí ó ra dọ́là mẹ́wàá, kò ra ju mẹ́jọ lọ. Owó oúnjẹ àti owó ibùsùn ti bá a lọ. Síbẹ̀, èyí tí ó kù lè san owó iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá fara mọ́ ebi díẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ilé àlejò kan ni wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ́ dọ́là náà sórí ibùsùn lẹ́yọ lẹ́yọ, ó sì mú ìgò òróró ólífì tí ó fi ń gbàdúrà jáde. Ó ń ki àtàǹpàkò bọ òróró, ó sì ń fi ṣe àmì àgbélébùú sára ìwé owó kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó rí i pé àmì náà kéré, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀. "Bàbá Oyèkúnlé, owó yìí, ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ta ló mọ irú ọwọ́ tó ti kàn án?"

"Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yà á sí mímọ́. Ojú rẹ ni mo ń tọ́jú."

Ó mọ iṣẹ́ náà ṣe, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Bí ó ti ń fi epo pa pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó fi òróró pa dọ́là lára kí ayé má baà jẹ ẹ́. Ó dì í pọ̀ nínú aṣọ funfun, ó sì gbé e sí àyà.

Wọ́n dé ilẹ̀ Íńdíà. Ilé ìwòsàn gbà wọ́n tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, wọ́n fi ibùsùn han obìnrin náà, wọ́n sì ṣàlàyé pé àwọn kì í gba dọ́là lọ́wọ́ ẹni. Kí ó lọ ṣẹ́ ẹ sí owó ilẹ̀ àwọn ní ilé iṣẹ́ tí ó wà ní òdìkejì títì. Ó lọ. Obìnrin kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀. Ó gba owó náà, ó gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó gbé èkejì. Òróró ti rìn nínú wọn. Orí ọkùnrin tí wọ́n yà sára wọn ń dán bí orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí.

Ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Kí ló ṣe owó yìí?"

"Òróró ni."

"Òróró kí ni?"

Ó ní, "Òróró àdúrà."

Obìnrin náà wò ó. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rọra ti owó náà padà sí i lábẹ́ gíláàsì, ó ní, "Bàbá, owó tó bá ní àbàwọ́n, báńkì kì í gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ má bínú."

Ó lọ sí ibòmíràn, wọ́n sọ bákan náà fún un. Níkẹyìn ó rí ẹnì kan tí ó gbà láti rà á, ṣùgbọ́n onítọ̀hún yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ nítorí òróró náà. Níbẹ̀ ni oníṣòwò pákó ti rántí bí a ti ń ná ọjà. Ó ná an títí ohùn rẹ̀ fi há. Onítọ̀hún kò bá a jà. Ó kàn ń na ìka sí àbàwọ́n ni. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, owó tí ó kó padà sí ilé ìwòsàn kò tó.

Ibùsùn wà nílẹ̀. Dókítà wà nílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn kò lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé owó pé, wọ́n sì fi kún un pé awọ ojú kì í dúró de ènìyàn. Ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó ń ṣírò ẹni tí òun lè pè tí kò ní sọ fún ẹlòmíràn, kò sì rí ọ̀kan.

Obìnrin náà ní, "Ẹ pe Alájì."

"Kí n pè é kó lè mọ̀ pé ibí la wà?"

"Bàbá Oyèkúnlé, tí mo bá fọ́jú délé, ta ni kò ní mọ̀?"

Obìnrin náà na ọwọ́, ó fi wá fóònù rẹ̀ kiri lórí ibùsùn títí ó fi bà á, ó sì nà án sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ bá mi tẹ nọ́ńbà rẹ̀. N kò rí ojú fóònù yìí mọ́."

Ọkùnrin náà kò tíì mọ̀ pé ó ti dé bẹ́ẹ̀. Ó gba fóònù náà. Ó tẹ nọ́ńbà.

Ohùn Alájì dún sókè débi pé àwọn méjèèjì ń gbọ́ ọ. "Ìyá Oyèkúnlé! Ìkirè ti dá yín dúró pẹ́ o. Aláìsàn yẹn ńkọ́?"

"Alájì, èmi ni aláìsàn náà. Íńdíà la wà." Ó sọ orúkọ ilé ìwòsàn, ó sọ ohun tí ó ṣe ojú rẹ̀, ó sì sọ ti owó.

Alájì ní, "Íńdíà. Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ń ta dòdò Ìkirè báyìí?" Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ fún ọkọ yín ní fóònù."

Ó bi oníṣòwò pákó pé, "Ta ló ta dọ́là fún yín?"

"Ẹnì kan ní Èkó."

"Ìwé tí ilé ìwòsàn kọ sí yín ńkọ́? Ẹ ò gbé e lọ sí báńkì?"

"Ó wà nínú àpótí."

"Inú àpótí! Bàbá Oyèkúnlé, ìwé yẹn ni mo gbé lọ ní tèmi, pẹ̀lú páàsípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì. Báńkì ta dọ́là fún mi ní iye tó kéré sí ti ojú títì, àwọn fúnra wọn ló sì fi èyí tó pọ̀ jù ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìwòsàn. Owó oúnjẹ nìkan ni mo mú dání, tuntun, tí n kò ká. Ẹ̀yin rí wa nígbà tá a dé. Ẹ jẹun. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Alájì kò dúró gbọ́ èsì. Ó ní ọmọ ìlú wọn kan ń gbé níbẹ̀ tí ń kó aṣọ ránṣẹ́ sílé, pé yóò gbé owó Íńdíà tí ó kù wá fún wọn ní ilé ìwòsàn, òun yóò sì san náírà rẹ̀ fún ìyàwó onítọ̀hún nílé, ní iye tí báńkì ń tà á, láìsí èlé. Ó ní kí wọ́n má ṣe ronú bí wọn yóò ti san án padà títí wọn yóò fi dé.

Ọmọ ìlú náà dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó kó owó kalẹ̀, ó kí obìnrin náà, ó sì ní, "Ẹ̀yin ò jẹ́ ká gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ ni, Mọ́mì. Èmi ìbá ti wá pàdé yín ní pápákọ̀."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ojú òsì là. Ti ọ̀tún kò là mọ́. Dókítà ibẹ̀ kò pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí. Ó kàn wí pé ní ọjọ́ tí wọ́n dé, ojú náà ṣì ṣeé ṣe.

Wọ́n padà sílé. Ayé tí ọkùnrin náà ń sá fún ti gbọ́. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé adìyẹ wá. Ìyá Alájì fi orúnkún tí wọ́n tún ṣe rìn wá, ó jókòó ti obìnrin náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìyàwó alàgbà wá pẹ̀lú, ó sunkún, ó ní, "Dádì, iwájú mi ní báńkì ni ẹ̀ ń kọjá lójoojúmọ́." Kò sí ẹni tí ó fi nǹkan búburú kankan ṣe wọ́n. Obìnrin náà padà sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ báyìí, yóò yí orí sápá kan, ọkọ rẹ̀ yóò sì dìde láti ibi tí ó bá wà, yóò bá a kì í bọ̀ ọ́.

Ní ti ìwọ, ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ ohun tí àkàwé yìí ń wí. N kò sọ pé kí o pariwo ìrìn àjò rẹ láàárín ọjà. Ohun tí ó jẹ́ tìrẹ nìkan, bò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣe tìrẹ nìkan. Àwọn kan ti tọ̀ ọ́ rí, ohun tí wọ́n sì mọ̀ nípa rẹ̀ kì í tán bí wọ́n bá fún ọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti bèèrè yóò ra ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ìbá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, iye tí yóò sì rà á, kì í ṣe òun nìkan ni yóò san án. Àdúrà dára. Gbà á kí o tó jáde nílé, gbà á bí o bá dé ibi tí o ń lọ, ṣùgbọ́n má ṣe fi ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ níbi tí ó yẹ kí o ti la ẹnu.

Ní àárọ̀ yìí, o kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mi, o tún ti fèrèsé, kí o tó sọ fún mi pé ìwọ àti ọmọ rẹ ń lọ sí òkèèrè, àti pé o ti rí ẹnì kan tí yóò bá ọ wá dọ́là ní kọ̀rọ̀. Èmi kò lọ sí òkèèrè rí. Obìnrin tí ń ta ìwé lódìkejì títì yìí lọ ní ọdún tó kọjá, ó sì wà ní ìsọ̀ rẹ̀ báyìí. Dìde, ṣí ilẹ̀kùn.